Bàbá Onígbá Gòkè Wá

"Ẹ má dá a lóhùn," Akínṣọlá wí fún bàbá arúgbó náà. "Ì báà pè yín títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ṣáà má dá a lóhùn."

Bàbá náà mi orí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, obìnrin kan tí wọ́n ní kó ṣe bí ẹni tó wá díje, rìn wọ inú iná sítúdíò, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Óò, ọmọ mi. Ilé ń kọ́?"

Obìnrin náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó wà níbẹ̀ bóyá yóò tàn. Wọ́n ti fi rọ́bà dúdú dì í kí ó má baà gbọ́ ohunkóhun nígbà ìdánrawò, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ilé ara rẹ̀ gbára lé rọ́bà. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ kò tàn, ó jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ṣé ẹ rí i?" Akínṣọlá ń gbìyànjú láti ṣe sùúrù, ṣùgbọ́n sùúrù náà ti ń tán nílẹ̀. "Ká ní ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kò sí nínú rọ́bà ni, ó ti parí. Ó pè yín, ẹ jẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ó máa sùn láti òní lọ, inú oúnjẹ rẹ̀ lẹ ó ti máa jẹ, kò sì sí adájọ́ tó lè tú u. Ṣé ẹ fẹ́ kó o sí wàhálà ni?"

"Rárá o, ọ̀gá. Ẹ forí jì mí. Ẹnu àgbà ni, ó ti mọ́ ọn lára."

"Kí ló yẹ kí ẹ sọ?"

"Kí n sọ pé, 'Ẹ káàbọ̀, Ìyáàfin.'"

"Ẹ tún un sọ."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyáàfin."

"Ẹ tún un sọ, kí ẹ sì tẹrí ba díẹ̀."

Bàbá tẹrí ba, ó tún un sọ. Akínṣọlá tí ó ń pàṣẹ yìí, ọmọ ọmọ bàbá náà lè jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òun ni olùdarí ètò, Òkè sì ni wọ́n wà, níbi tí irun funfun kò ti jẹ́ nǹkan kan ju irun lọ.

Ìbírónkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Igbákejì Akínṣọlá ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ètò ń lọ bó ṣe yẹ. Bàbá tí wọ́n ń kọ́ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi yìí, òun ló bí i lọ́mọ. Kò sí ẹnì kan nínú sítúdíò tó mọ̀. Bí ẹ bá sì béèrè lọ́wọ́ òfin, òfin á ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì dé Òkè-Ìtura rí, ẹ lè rìn ín láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹ má gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹlòmíràn ní bùrọ̀dá. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì kì í ṣe mọ́mì ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ kì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Ẹ ó pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ó sì tètè kọjá lọ. Láti ìgbà tí omi ti gba ilẹ̀ mọ́ ayé lọ́wọ́, tí àyè orí òkè kò sì kárí, ni ìjọba ti ní ẹni tó bá pe ènìyàn ní ẹbí, tí onítọ̀hún sì jẹ́, kí ó gbà á sí àyè ilé rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ wọn ni ẹlẹ́rìí. Ẹyin lohùn, a ti ń wí i tipẹ́, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. A kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀rọ yóò máa ṣa èèpo rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo Òkè fi ń bẹ ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán pé kí wọ́n dá "Ṣé Kí N Ṣí I?" padà. Kì í sì í ṣe ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wí. Ti àkọ́kọ́ dára, kí a má parọ́. Igbá fínfín mẹ́ta ni wọ́n máa ń tò sórí tábìlì, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè wà lábẹ́ ọ̀kan, atọ́kùn rẹ̀ a sì máa wọ kóòtù funfun. Lónìí, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ ọkùnrin náà. Èyí tí ayé ń sunkún rẹ̀ ni alábùlẹ̀ tí Ọládẹ̀jọ, bàbá tí wọ́n ń kọ́ yìí gan-an, dá sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Àkúrẹ́, nígbà tí ètò náà ti sú àwọn onílé-iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n sì pa á tì.

Owó kò sí. Igbá kan fọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Ọládẹ̀jọ sì gbé báàfù ìfọṣọ ìyàwó rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ó fi ìró bò ó. Agolo sadíìnì ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí ọṣẹ, tàbí ìgbálẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá rọ̀ ṣọ̀mù, adìẹ. Bàbá Onígbá, orúkọ tí wọ́n sọ Ọládẹ̀jọ nìyẹn, á gbé nǹkan mìíràn dání, á wá bi olùdíje pé, "Ṣé kí n ṣí i, àbí kí o gba tọwọ́ mi?" Èrò á máa pariwo. Bí olùdíje bá yan ìgbálẹ̀, tí ojú rẹ̀ fà ro, Bàbá á ní, "Má bínú, ọmọ mi, gba tọwọ́ mi náà." Ẹ̀bùn méjèèjì á lọ. Eré ìdíje tí ẹnikẹ́ni kì í pàdánù, irú eré wo nìyẹn? Síbẹ̀ a kì í fẹ́ kó parí. Ọmọ mi ló ń pe gbogbo ènìyàn, ọlọ́pàá, tísà, ìyá arúgbó tó jù ú lọ pàápàá, gbogbo wọn a sì dáhùn pé 'Bàbá', àjẹ́gbé, láìsí ẹni tó mú wọn lọ sílé ẹjọ́.

Nísinsìnyí, ẹ wo bí Akínṣọlá ṣe ń wá òṣì náà kiri. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń tú eruku sínú iná kí àwòrán lè rí bíi ti àtijọ́. Òmíràn ń bú bíi jẹnẹrétọ̀, a sì máa pa iná sítúdíò nígbà tí wọ́n bá ní kó pa á. Wọ́n lọ ṣe báàfù tuntun, wọ́n wá fi ayùn là á lẹ́nu. Nígbà tí Bàbá rí i, ó yí i po, ó ní ṣé kò sí èyí tó ti là fúnra rẹ̀ ni.

Akínṣọlá ní kí wọ́n lọ jẹun.

Nínú yàrá oúnjẹ, mọ́ínmọ́ín wà, búrẹ́dì wà, ẹja díndín wà. Bàbá jókòó ní ìgun, ó jẹ ìdajì búrẹ́dì tí wọ́n fún un, ó di ìyókù sínú áńkáṣífù, ó tì í sápò. Ìbírónkẹ́ rí i, ó gbójú kúrò. Nígbà tó tún wò, Bàbá ti dìde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na ọwọ́ sí abọ́ tí ẹnì kan jẹ tì, ó mú orí ẹja tó kù níbẹ̀, ó fi sápò pẹ̀lú.

Bísóyè, obìnrin tó ń kùn wọ́n lójú fún kámẹ́rà, fi ìgúnpá gún Ìbírónkẹ́. "Ẹ wo Onígbá wa o. Àjẹkù ló ń kó. Ta ló tiẹ̀ ni arúgbó yìí?"

Ìbírónkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti jáde kó tó mọ̀, kò sì fi mọ ní ẹ̀rín, ó ní, "Àwọn ará Ìsàlẹ̀ náà nìyẹn."

Yàrá náà kò tóbi. Bàbá gbọ́. Kò yíjú sí wọn. Ó yọ orí ẹja náà jáde, ó dá a padà sínú abọ́ tó ti mú un, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, ó sì rọra jáde.

Ìtìjú a máa mú ènìyàn ní etí. Etí Ìbírónkẹ́ gbóná débi pé ó rò pé Bísóyè á rí i. Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo fi bàbá rẹ ṣe ẹ̀sín, kí ni kí á ti pe ìyẹn? Ó jókòó díẹ̀ kí ó má baà dà bíi pé ó ń tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ló tó dìde.

Ó bá a lẹ́yìn ilé, níbi bèbè òkúta tí ènìyàn ti lè rí Ìsàlẹ̀. Omi ti gba ibi tó pọ̀ jù. Òrùlé díẹ̀díẹ̀ ló yọ orí, èéfín ń rú láti inú ọ̀kan nínú wọn.

"Ẹ jẹun yó?" Ìbírónkẹ́ bi í. Láti àárọ̀ tí wọ́n ti gbé bàbá náà dé, kò tíì pè é ní orúkọ kankan. "Ẹ" ló ń lò, kò sì fi nǹkan kan kún un.

"Mo yó, Ìyáàfin. Ẹ ṣeun."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kí n wá pè yín?"

Ìbírónkẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ bàbá náà, wọn kò sí nínú rọ́bà, méjèèjì sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ẹja yẹn," Bàbá ní, "ológbò kan wà lọ́dọ̀ mi. Òun ni mo mú un fún."

Bàbá tó bí Ìbírónkẹ́ kórìíra ológbò láti ilẹ̀ wá. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ó mú ọ̀kan wálé, bàbá yìí ló gbé e padà fún ẹni tó ni ín. Ìbírónkẹ́ mi orí bíi pé ó gbà.

"Wọ́n ní wọ́n fẹ́ pa Ìsàlẹ̀ dé kí òjò tó dé," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá pè á gòkè wá. Ẹni tí wọn kò bá pè, wọ́n á kó o lọ sí Ọgbà Aláìlẹ́ni."

"Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan lọ. Ó ní òun á ránṣẹ́." Bàbá wo ìsàlẹ̀. "Ọmọbìnrin yẹn ń kọ́, èyí tó wà lọ́dọ̀ yín?"

Dúródọlá ló ń béèrè, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbírónkẹ́ bí.

"Ara rẹ̀ ti wúwo. Oṣù tó ń bọ̀ ni."

Ojú Bàbá là bí ẹni tí wọ́n tan iná sí. "Ẹ kú ewu o. Olúwa á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Àyè mélòó ni wọ́n kọ fún ilé yín?"

"Mẹ́ta. Èmi, òun, àti..."

"Àti ẹni tó ń bọ̀. Ó ti kún nìyẹn."

Ó ti kún ni lóòótọ́. Bí Ìbírónkẹ́ bá pe ẹnì kan kún un, àyè ọmọ inú ni onítọ̀hún yóò gbà. Wọ́n á ní kí Dúródọlá sọ̀kalẹ̀ lọ bímọ, kí ó sì tọ́ ọ síbẹ̀, nínú omi. Ọjọ́ tí òfin dé, bàbá yìí náà ló ní kí ó má pe òun. "Ìwọ máa gbé ọmọ rẹ lọ," ló wí, "màá máa wo iná yín láti ìsàlẹ̀." Ìgbà yẹn, ó dà bí ohun tí kò ní pẹ́.

"Ẹ má ṣe ìyọnu," Bàbá wí nísinsìnyí. "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ tó yẹ kí Ìbírónkẹ́ sọ. Ó yẹ kó tọrọ àforíjì nítorí ẹ̀rín yẹn, ó kéré tán. Ó ní, "Ètò fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn kún bámúbámú. Àwọn tí kò ráyè wọlé ń wò ó nílé, gbogbo Òkè ló jókòó síwájú amóhùnmáwòrán. Bàbá Onígbá jáde nínú bùbá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lẹ̀, èrò sì dìde dúró. Ẹ gbọ́, ènìyàn lè fọ́nnu pé òun kò nílò ẹnikẹ́ni. Kí ó ṣì wá gbọ́ bí ìjòyè ilé ìfowópamọ́ kan, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, ṣe dọ̀bálẹ̀ sórí eruku ayédèrú yẹn tó ní, "Bàbá." Lábẹ́ òfin, pípè nìkan kì í so ènìyàn pọ̀. Jíjẹ́ ló ń so wọ́n pọ̀. Nítorí náà gbogbo wọn ń pè é, wọ́n ń pè é tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni tó rí omi nínú ọ̀gbẹlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni," Bàbá á sì wí, á tẹrí ba díẹ̀.

Kò ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Ìbírónkẹ́ ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, ó rí i bó ṣe ń gbé 'ọmọ mi' mì nígbà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣí igbá, wọ́n ṣí báàfù. Ẹ̀rọ bú, iná lọ, èrò hó yèè bí ọmọ iléèwé. Gbogbo rẹ̀ rí bíi ti àtijọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ni kò sí níbẹ̀. Àwọn kan ń sunkún nítorí ìdajì tí wọ́n gbọ́, àwọn mìíràn nítorí ìdajì tí wọn kò gbọ́.

Nígbà tó yẹ kí wọ́n kádìí rẹ̀, Akínṣọlá fúnra rẹ̀ gun orí ìtàgé. Èyí kò sí nínú ètò. Ó ní òun ní ohun kan tí òun fẹ́ fi ṣe ara Òkè lálejò, ó sì nawọ́ sí ògiri. Àwòrán àtijọ́ yọ lára ògiri náà. Adìẹ kan fò jáde láti inú báàfù, ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé báàfù náà ṣubú lulẹ̀, ó bú sẹ́kún. Bàbá Onígbá, tí irun orí rẹ̀ dúdú nígbà náà, pa olùdíje tì, ó sáré lọ gbé ọmọ náà. "Ọmọ mi, dìde. Adìẹ lásán ni."

"Gbogbo wa la mọ ọmọ yìí, ọmọ bíbí Onígbá," Akínṣọlá wí. "Àwọn ìyá wa máa ń bi ara wọn pé kí ló padà dà. Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi wá ojú rẹ̀. Ẹ wò ó, inú ilé yìí ló wà."

Kámẹ́rà yíjú sí Ìbírónkẹ́. Ojú rẹ̀ sì bo gbogbo ògiri.

Bísóyè ló kọ́kọ́ la ẹnu, kò sì rí i pa dé. Ariwo sọ. Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹnì kan ní, "Pè é," ẹlòmíràn gbà á, kò sì pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń wí i pọ̀. Pè é. Pè é. Ó mà rọrùn o, kí a ní kí ẹlòmíràn pe bàbá rẹ̀. Àwọn tó ń pariwo yẹn, ta ni nínú wọn tí kò fi ẹnì kan sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀?

Ìbírónkẹ́ wo bàbá rẹ̀. Bí ó bá yíjú padà, gbogbo Òkè ti rí ọmọ tó sẹ́ bàbá ní gbangba. Bí ó bá pè é, ọmọ Dúródọlá ti di ọmọ inú omi. 

Ìgbà náà ni èrò kan wọ inú rẹ̀. Bàbá kò ní jẹ́. Wọ́n ti fi gbogbo ọjọ́ kọ́ ọ kí ó má jẹ́. Bí wọn kò tilẹ̀ kọ́ ọ, kò ní jẹ́, nítorí ọmọ náà. Èrò yìí tù ú lára bí omi tútù. Ó gun orí ìtàgé, ó kúnlẹ̀ wọlẹ̀ síwájú bàbá arúgbó náà lórí eékún méjèèjì.

"Bàbá mi," ó ní.

Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tàn, ó ń dúró de èsì.

Ọládẹ̀jọ la ẹnu. Ìbírónkẹ́ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gun ọ̀fun rẹ̀ wá tó dé orí ahọ́n. Ó pẹ́ tí ọmọ tó bí ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Gbogbo ẹ̀kọ́ Akínṣọlá ti fò lọ lórí rẹ̀, ó fẹ́ jẹ́. Ìbírónkẹ́ tẹjú mọ́ ẹnu yẹn, gbogbo ara rẹ̀ di àdúrà kan ṣoṣo: Ọlọ́run, má jẹ́ kó jẹ́. Má jẹ́ kó jẹ́. Omi dà lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ló fà á, kì í ṣe nǹkan mìíràn.

Bàbá rí ojú náà. Ó pa ẹnu dé. Ó tẹrí ba bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyáàfin," ó wí. "Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù."

Àtẹ́wọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya òrùlé. Wọ́n gbé Ìbírónkẹ́ dìde, wọ́n ń dì mọ́ ọn. Lórí ògiri, ojú rẹ̀ tí kámẹ́rà yà ní àkókò yẹn gan-an tún yọ, omijé lẹ́rẹ̀kẹ́, ó tóbi bí ilé. "Ẹ wo ìfẹ́," ni àwọn ènìyàn ń wí. "Ẹ wo ojú ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀." Akínṣọlá sáré wá bá a, ó ní òun á fi ojú náà polówó ètò yìí káàkiri Òkè. Bísóyè ń sunkún, ó ní kí ó dárí ji òun nítorí ọ̀rọ̀ yàrá oúnjẹ, òun kò mọ̀. Ìbírónkẹ́ gbọ́ bí ẹnu ara rẹ̀ ṣe ń wí pé kò tọ́pẹ́, kò tọ́pẹ́.

Ohùn Dúródọlá wọlé láti ilé nínú ẹ̀rọ kékeré tó fi sétí. "Mọ́mì, mo rí yín. Mo ti ń di ẹrù nígbà tí ẹ kúnlẹ̀. Mo ní bí Bàbá àgbà bá jẹ́, èmi á sọ̀kalẹ̀ lọ bímọ mi, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń bímọ níbẹ̀. Mọ́mì, ẹ ṣeun tí ẹ pè wọ́n."

Ìbírónkẹ́ kúrò láàrin èrò, ó sáré lọ síbi ọkọ̀ okùn tó ń gbé ènìyàn sọ̀kalẹ̀.

Bàbá ti jókòó sínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ti fún un ní agolo sadíìnì méjì, ó gbé wọn lé orí itan. Awakọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí kámẹ́rà, kò sí èrò.

"Ẹ ṣe é dáadáa," Bàbá wí.

"Ẹ rí ojú mi."

"Ojú wo?"

"Nígbà tí mo... Ẹ rí i."

"Iná yẹn pọ̀ jù," Bàbá wí. "Ojú mi kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Bó ṣe wí ti ológbò ló ṣe wí i. Ìbírónkẹ́ di irin ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ mú.

Awakọ̀ na ọrùn jáde. Òfin ní kó béèrè kó tó gbé ará Ìsàlẹ̀ kankan padà sísàlẹ̀. "Ìyáàfin, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín? Bí ẹ bá máa pè é, ẹ pè é nísinsìnyí, kí n tó tú okùn."

Bàbá gbé ojú sókè, ó ń wo Ìbírónkẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, àgbà ni, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ìbírónkẹ́ mọ̀ bí ó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀ pé bí òun bá pè é níbí yìí, yóò jẹ́. Ẹrù Dúródọlá sì ti wà ní dídì, ó ti ṣe tán àtisọ̀kalẹ̀.

Bàbá náà ló ràn án lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe.

"Ilé ti kún," ó wí. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ó ti kún," Ìbírónkẹ́ dáhùn. "Ó dàárọ̀ o, Ọ̀gbẹ́ni Ọládẹ̀jọ."